Orí Karùn-ún: Aago Tó Ń Fò Nínú Rédíò Atọpasẹ̀ Bàálù

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rédíò ti rin 299,792 kìlómítà. Tí a bá gé ìṣẹ́jú àáyá yẹn sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní microsecond, mítà 300 sì ni ìgbì náà ń rìn láàárín rẹ̀. Ìṣirò yìí ló gbé gbogbo orí yìí dúró. Ẹni tó bá ń fi àkókò tí ìgbì dé wá ibi tí bàálù wà lójú sánmà, tí aago rẹ̀ sì fi microsecond mẹ́wàá péré ṣìnà, kìlómítà mẹ́ta ni ìṣirò rẹ̀ lè fi jìnnà sí òótọ́.

Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí kì í ṣe òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Ará ilé lásán ni wọ́n, tí ìfẹ́ bàálù mú kí wọ́n gbé áńtẹ́nà sí òrùlé tàbí sí ojú fèrèsé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò USB kọ̀ǹpútà. Torí àtiwo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tú u fín-ín-fín-ín, wọ́n sì fi hàn pé RTL2832U, chip inú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Realtek ṣe, lè gbé ìgbì tó bá gbọ́ fún kọ̀ǹpútà ní tútù, láìtíì túmọ̀ rẹ̀. Bó ṣe di rédíò olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, tí gbogbo ayé ń pè é ní RTL-SDR. Salvatore Sanfilippo, ará Ítálì tó kọ ètò kọ̀ǹpútà Redis, ló kọ dump1090, ètò tó ń túmọ̀ ohùn bàálù láti inú ìgbì náà. Bí a bá fi Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé gbé sí àtẹ́lẹwọ́, kún un, ibùdó kan ti délẹ̀. Irú ibùdó báyìí ló ń fi ohun tó gbọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ìkànnì tó ń tọpasẹ̀ bàálù bíi FlightAware, Flightradar24, ADS-B Exchange àti OpenSky Network, kárí ayé.

Púpọ̀ nínú bàálù kò fún rédíò yìí ní wàhálà, nítorí pé fúnra wọn ni wọ́n ń kéde ibi tí wọ́n wà. GPS inú bàálù á mọ ipò rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á kéde rẹ̀ lórí 1090 MHz bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àmì kan jẹ́ bit 112, microsecond 120 ló sì ń gbà. ADS-B ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò nílò aago tó pé, bàálù ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan ní apá tó pọ̀ nínú òfurufú tí wọ́n ń darí. Síbẹ̀, bàálù àtijọ́ ṣì wà, ti ológun wà, àwọn kéékèèké tí òfin kò kàn náà wà. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń sọ nígbà tí rádà bá pè wọ́n kò ju nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti bí wọ́n ṣe ga tó lọ. Nọ́ńbà náà máa ń fi orílẹ̀-èdè tó forúkọ bàálù sílẹ̀ hàn. Ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 064. Ṣùgbọ́n ibi tí bàálù wà kò sí nínú rẹ̀.

Irú bàálù adákẹ́ báyìí ló ń béèrè pé kí ọ̀pọ̀ rédíò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bó bá fọhùn lókè, rédíò tó sún mọ́ ọn á kọ́kọ́ gbọ́, èyí tó jìnnà á gbọ́ lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ àkókò tó wà láàárín wọn ló ń sọ iye tí ọ̀kan fi jìnnà sí bàálù ju èkejì lọ. Láti ara rédíò méjì, a ó rí ìlà kan tó tẹ̀, bàálù sì lè wà níbikíbi lórí rẹ̀. Rédíò kẹta á mú ìlà mìíràn wá, ibi tí àwọn ìlà yìí ti gé ara wọn kọjá ni bàálù wà, bí a bá ti mọ gíga rẹ̀. Bí a kò bá mọ gíga rẹ̀, rédíò mẹ́rin ló kéré jù. Multilateration ni orúkọ ọgbọ́n yìí, MLAT ní ìkékúrú. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ètò Gee tí àwọn ará Britain fi ń tọ́ bàálù wọn sọ́nà lóru lo ìṣirò kan náà, àfi pé ilẹ̀ ló ń fọhùn nígbà yẹn, tí bàálù sì ń gbọ́.

Níbo wá ni aago wà nínú rédíò kékeré yìí? Ohun tó wà níbẹ̀ ni crystal kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 28.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n yẹn ló ń darí ẹ̀rọ náà bó ṣe ń wọn ìgbì tó ń wọlé, ní ìgbà mílíọ̀nù 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kíkà ni dump1090 ń ka àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí láti ìgbà tí a ti tan ẹ̀rọ, láìdúró. Nígbà tí àmì bàálù bá wọlé, á wo iye tó ti kà dé, á sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà. Láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì, ìgbì á ti rin mítà 125. Nítorí náà, ètò náà tún ń yẹ bí àmì ṣe bọ́ sáàárín ìwọ̀n méjì wò, kó lè kọ àkókò sílẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n kan, tí í ṣe mítà 25.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé di èyí mú ṣinṣin: iye ìwọ̀n tí a kà ni aago rédíò yìí. Kò bá aago kọ̀ǹpútà tan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọ̀sẹ̀ gbáko tún aago Raspberry Pi wọn ṣe nígbà tí MLAT bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Wọ́n á so ó mọ́ NTP tó ń gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa retí pé kí nǹkan yí padà. NTP wúlò, torí Raspberry Pi tó ṣáájú ìkarùn-ún kò ní aago tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá sì pé kò ní lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n milliseconds ni NTP ń bá ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, millisecond kan, ìyẹn microsecond ẹgbẹ̀rún kan, sì jẹ́ 300 kìlómítà fún ìgbì rédíò. Kò sí ohun tí irú aago bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún MLAT.

Crystal olówó pọ́ọ́kú pàápàá kì í gbọ̀n ní iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ká ní ó fi 20 nínú mílíọ̀nù kan yá jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti fi microsecond 20 ṣìnà, kìlómítà mẹ́fà nìyẹn. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan bá fi pé, ó ti di 360 kìlómítà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kan náà yìí ló ń bá àwọn onígbafẹ́ ṣe MLAT lójoojúmọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń yọrí.

Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé àwọn bàálù tó ń kéde ara wọn ti di ẹlẹ́rìí. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ìròyìn àwọn rédíò jọ mọ ibi tí rédíò kọ̀ọ̀kan wà. Bí bàálù kan bá kéde ipò rẹ̀, tí rédíò méjì sì gbọ́ àmì kan náà, kọ̀ǹpútà náà á ṣírò bí bàálù ṣe jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á sì mọ iye àkókò tó yẹ kó wà láàárín gbígbọ́ wọn. Á fi wé iye tí rédíò méjèèjì kọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá kù ni àṣìṣe aago wọn. Bàálù mìíràn á tún fọhùn láìpẹ́, ẹ̀rí tuntun á dé, títí kọ̀ǹpútà á fi mọ̀ pé aago ti ọ̀tún ń fi iye báyìí yá ju ti òsì lọ. Ìgbà náà ni bàálù adákẹ́ á wá fọhùn, tí wọn á sì fi aago tí wọ́n ti tún ṣe wá a rí.

Nínú ilé tí aago ògiri ti máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún yá, kò sẹ́ni tó ń tìtorí rẹ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Gbogbo ará ilé ló mọ iye tí wọn máa yọ. Ilé tí ọmọdé ti ń fọwọ́ yí aago nígbàkigbà tó bá wù ú ni wàhálà wà. Bí ọ̀rọ̀ rédíò yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àṣìṣe tó dúró lójú kan, ìṣirò á yọ ọ́ kúrò. Èyí tó ń yá tàbí tó ń falẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìṣirò á máa tẹ̀lé e lọ. Aago tó ń fò ni ìṣirò kò rí ti ṣe, ibi tó ti ń fò ni a gbọ́dọ̀ lọ wá.

Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe dààmú nípa gígùn wáyà áńtẹ́nà, ní ti àkókò. Wáyà mítà mẹ́wàá máa ń dá ìgbì dúró fún nanosecond bí 40 sí 50, ẹgbẹ̀rún nanosecond ló sì wà nínú microsecond kan. Ṣùgbọ́n bàálù yòówù kó fọhùn, láti ìhà yòówù, ìdádúró kan náà ni. Á wọ inú àṣìṣe tó dúró lójú kan, àwọn bàálù ẹlẹ́rìí á sì mú un kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ibo ni aago ti ń fò? Lójú ọ̀nà USB ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kíkà ni aago, ìwọ̀n tó bá sọnù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dump1090 ni ètò náà kò ní kà, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Bí ìwọ̀n kan ṣoṣo bá sọnù, mítà 125 ti lọ. Bí USB bá há fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá péré, ìwọ̀n 24,000 ti lọ, aago sì ti fi 3,000 kìlómítà fò sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ńlá á kàn rí i pé rédíò tó ti ń sọ òótọ́ bọ̀ ti ń sọ ìsọkúsọ lójijì. Á pa á tì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ lọ́tun. Kó tó kó o jọ tán, ó tún fò. Ibùdó bẹ́ẹ̀ lè máa gbọ́ ẹgbẹ̀rún bàálù lójúmọ́ kó má sì wúlò fún MLAT rárá. Ẹni tó ni ín kì í tètè fura, nítorí pé àwòrán bàálù tó ń kéde ara wọn ṣì ń hàn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa.

A lè mọ̀ ọ́n. Dá dump1090 dúró, nítorí ètò kan ṣoṣo ló lè lo rédíò náà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì pa àṣẹ rtl_test -s 2400000. Ètò yìí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwọ̀n ń dé ní pípé. Bó bá ń kọ "lost at least" jáde léraléra, ọ̀nà USB ń jò. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́, ní ọ̀sán nígbà tí ooru mú, má ṣe fi ìṣẹ́jú kan péré dájọ́.

Bó bá ń jò, ṣájà ni kó o kọ́kọ́ mú. Tí mo bá ní láti fi gbogbo orí yìí sínú gbólóhùn kan, ìyẹn ni mo máa sọ. Raspberry Pi ìkẹta ń fẹ́ fólítì 5.1 àti amps 2.5, ìkẹrin ń fẹ́ amps 3. Ṣájà fóònù tí a rí nínú dúrọ́ọ̀ lè tan án, kó sì má lè gbé e nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Wáyà USB tó gùn tó sì tín-ínrín náà máa ń jẹ fólítì lójú ọ̀nà. Bí iná tó ń dé inú ẹ̀rọ bá wálẹ̀ ju fólítì 4.63 lọ, Raspberry Pi á ké, àmì mànàmáná á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tí a so mọ́ ọn. Ẹni tí kò so tẹlifíṣọ̀n mọ́ tirẹ̀ lè pa àṣẹ vcgencmd get_throttled. Bó bá dáhùn 0x0, ara ẹ̀rọ dá. Bó bá dáhùn 0x50000, láti ìgbà tí wọ́n ti tàn án, iná ti já a kulẹ̀ rí, ó sì ti dín eré rẹ̀ kù rí. Ní ilẹ̀ wa, tí iná ìjọba, ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ ti ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ kí aago rẹ̀ má fò fi bátìrì kékeré sáàárín, èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mọ̀ pé iná yí padà.

Lẹ́yìn iná ni ọ̀nà USB fúnra rẹ̀. Àwọn Raspberry Pi tó ṣáájú ìkẹrin tó ní ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì fi í sójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú USB, bí èrò bá sì pọ̀ lójú ọ̀nà kan, ẹnìkan á dúró. Ìkẹrin ti ya wọ́n sọ́tọ̀. Má ṣe kó rédíò, àwo ìpamọ́ àti kámẹ́rà pọ̀ sórí ihò USB alápínlò kan, kí o sì má ṣe gbé rédíò sábẹ́ kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, torí ibẹ̀ ni ìwọ̀n ti ń sọnù jù.

Ooru náà ní tirẹ̀. Bí Raspberry Pi bá gbóná ju ìwọ̀n 80 ti Celsius lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bóyá á sì sọ ìwọ̀n nù. Ti crystal yàtọ̀. Gbígbóná kò ba crystal jẹ́, yíyí ìgbónà padà lójijì ni kò fẹ́, nítorí ìyára rẹ̀ ń yí tẹ̀lé e. Rédíò tó wà lábẹ́ páànù tó gbóná dúró bákan náà sàn fún MLAT ju èyí tí fáànù ń tàn tó ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, ká fún un láyè kó móoru tán ká tó dá a lẹ́jọ́. Àwọn rédíò kan wà tí wọ́n fi TCXO sí, crystal tó ń bá ìgbónà ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n TCXO kò lè dá ìwọ̀n tó sọnù padà, mo sì ti rí àwọn tó ra á nígbà tó jẹ́ pé wáyà ṣájà ló ń dà wọ́n láàmú.

Àṣìṣe kan wà tó jọ ti aago tí kì í ṣe ti aago: ibi tí a sọ pé áńtẹ́nà wà. Ká ní a fi mítà 100 gbé e sí ìlà oòrùn ju bó ṣe yẹ. Bàálù tó wà ní ìlà oòrùn á dà bí ẹni pé ohùn rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ti ìwọ̀ oòrùn á dà bí ẹni pé ó yá, ti àríwá kò sì ní yàtọ̀ rárá. Èyí kò ṣeé yọ kúrò bíi ti wáyà áńtẹ́nà, torí pé iye rẹ̀ ń yí bí bàálù ṣe ń yí. Ó burú jù nítorí pé òun náà ni wọ́n máa fi ṣàtúnṣe aago, aago á wá jẹ́bi ohun tí kò mọ̀. Nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn àmì ìdá nínú ìwọ̀n ipò jẹ́ 111 mítà, ìkarùn-ún jẹ́ mítà kan ó lé díẹ̀. Kọ márùn-ún pé. Gíga kò le tó bẹ́ẹ̀, torí pé bàálù tó jìnnà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú wa, àṣìṣe òkè-sísàlẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yí jíjìnnà rẹ̀ padà. Kí a ṣáà má kọ ẹsẹ̀ síbi tí wọ́n ti béèrè mítà.

Bí a bá sì yí agbára gbígbọ́ rédíò sókè jù, àmì bàálù tó sún mọ́ á kún àkúnwọ́sílẹ̀, ètò kò sì ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Yí i wálẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn onígbafẹ́ nìkan ni èyí ń ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ètò OPERA ní Gran Sasso, Ítálì, kéde pé neutrino, ẹyọ tín-tìn-tín tí wọ́n rán láti ilé ìwádìí CERN, tó jìn ní bí 730 kìlómítà, fi nanosecond 60 yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ayé dàrú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé wáyà kan tó ń gbé àkókò GPS wọlé ni kò wọlé dáadáa, aago kan sì tún wà tí kò rìn déédéé, tó ń fa ìṣirò sí ìhà kejì. Ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ìjẹ́rìí ẹ̀rọ mìíràn tó wà nínú òkè kan náà, LVD. Wọ́n fi àkókò tí muon, ẹyọ tín-tìn-tín mìíràn láti òfurufú, gba inú ẹ̀rọ méjèèjì kọjá wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé aago OPERA ti yẹ̀ láti àwọn ọdún bíi mélòó kan. Bí bàálù ṣe ń jẹ́rìí sí aago òrùlé wa ni muon ṣe jẹ́rìí sí ti wọn.

Àwọn tó lówó lọ́wọ́ lè ra Radarcape, tó ń gba àkókò lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì GPS, tó sì ń fi í sára àmì kọ̀ọ̀kan kó tó dé ojú ọ̀nà USB èyíkéyìí. Aago irú rẹ̀ kì í fò. Ṣùgbọ́n GPS pàápàá ti ní ọ̀tá: lágbègbè òkun Baltic àti ìlà oòrùn Mẹditaréníà, àwọn kan ń dí i lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n fi àmì èké tàn án, bàálù tó ń fò níbẹ̀ sì lè máa kéde ibi tí kò sí. Ẹlẹ́rìí tó ń purọ́ nìyẹn. Ètò tó bá gbọ́n á fi ti àwọn yòókù wé tirẹ̀, á sì yọ ọ́ sẹ́yìn. MLAT fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó lè fi hàn pé bàálù kò sí níbi tó ní òun wà, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí aago tó dúró déédéé fi níyì.

Gbogbo èyí ń fẹ́ aládùúgbò. Bàálù tó wà ní ẹsẹ̀ 35,000 lókè, rédíò tó jìn tó 400 kìlómítà ṣì lè gbọ́ ọ bí òkè tàbí ilé gíga kò bá dí i. A kò ní lè gbọ́ bàálù tó rẹlẹ̀ láti ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀. Rédíò kan ní Ìbàdàn kò lè dá MLAT ṣe láéláé. Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Kútọnu tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tó bá wù ọ́ láti gbé ọ̀kan kalẹ̀, wá ẹni mẹ́ta mìíràn tí ilé wọn jìnnà síra díẹ̀, kí ẹ jọ kọ ipò áńtẹ́nà yín sílẹ̀ ní pípé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi gbogbo ọ̀sán kan dán rtl_test wò. Owó ṣájà tó dára àti wáyà USB kúkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí ẹ tó ronú kan áńtẹ́nà olówó ńlá.